Ìyẹ́ ń hù padà: ìròyìn àwọn adìyẹ ẹ̀yìnkùlé wa ní Kubwa, Abuja

Agbedeméjì oṣù Ẹrẹ́nà

Àwọn adìyẹ wa ti pé ọ̀sẹ̀ méje, ìyẹ́-títu sì ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn: wọ́n ń fi ẹnu já ìyẹ́ ara wọn. Mẹ́ta ti pá ní ìdí ìrù, ẹ̀jẹ̀ sì ti yọ lára ọ̀kan. 22 ni gbogbo wọn. Noiler, irú adìyẹ tí a ń sìn fún ẹran àti ẹyin, ló pọ̀ jù, ìbílẹ̀ díẹ̀ tí mo rà lọ́wọ́ ìyá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Gbagyi ní ọjà Kubwa ló kún un.

Èyí tó ṣẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú kúrò. Ohun pupa kì í fo adìyẹ lójú. Bí ọ̀kan bá rí ẹ̀jẹ̀ báyìí, gbogbo wọn á sáré lọ síbẹ̀, wọ́n sì lè máa fi ẹnu sọ ọ́ títí tí yóò fi kú. Ọjọ́ orí wọn tún dá kún un, nítorí ìyẹ́ tuntun ló ń yọ lára wọn, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń wà nínú igi ìyẹ́ kí ó tó gbó. Bí wọ́n bá já irú rẹ̀, ó di dandan kí ó ṣẹ̀jẹ̀. Mo fi omi iyọ̀ fọ ojú egbò náà, mo fi GV (gentian violet) kùn ún. Oògùn aláwọ̀ àlùkò yẹn ń pa kòkòrò, ó sì ń bo pupa mọ́lẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún egbò adìyẹ. N kò gbé e lọ sí ibòmíràn. Wáyà ni mo fi pààlà fún un nínú ilé kan náà, kí àwọn yòókù máa rí i, kí wọ́n má baà sọ ọ́ di àlejò nígbà tó bá padà.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà

Mo jókòó tì wọ́n nírọ̀lẹ́. Ibi tí ẹnu wọn ń bà sí ni mò ń wò. Àwọn àkùkọ kéékèèké méjì kojú ara wọn, ìyẹ́ ọrùn wọn dìde, wọ́n sọ ara wọn lórí, ọ̀kan tẹrí ba, ó yẹra, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ń pinnu ẹni tó máa ṣáájú ni, n kò dá sí i. Bí kò bá ti sí ẹ̀jẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn á yanjú rẹ̀.

Ti ẹni tó ń tu ìyẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Abo ni, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn èkejì rẹ̀ tó ń jẹun lọ́wọ́, ó já ìyẹ́ kan nídìí ìrù rẹ̀, ó gbé e mì. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Bí adìyẹ bá wà nínú oko, ilẹ̀ ni yóò máa tàn láti àárọ̀ dalẹ́. Bí kò bá rí ilẹ̀ tàn, ara ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa ṣà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé oúnjẹ àti iṣẹ́ ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ìyà.

Bàbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, bá mi dá sí i láti orí ògiri: “Ìyá Ìbejì, ẹ gé ẹnu wọn, kí ẹ lè sinmi.” Mo ní, “Ẹ ṣé, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú nǹkan mìíràn ná.” Ṣóńṣó ẹnu adìyẹ máa ń mọ ìrora, ẹnu náà ló sì fi ń ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ ń ṣe fún wa. N kò fẹ́ gé e.

Ìparí Ẹrẹ́nà

Ooru Abuja ti kọjá 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Adìyẹ kì í làágùn, ẹnu ló máa ń yà sílẹ̀ tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ, bí ara bá sì ti ni ín, ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ilé tí wọ́n ti dàgbà, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 níbùú àti 5 lóròó, ti há mọ́ wọn. Adìyẹ tó ti tó bí oṣù méjì yẹ kí ó ní tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 2, èyí ni pé 22 ń béèrè 44. Káfíńtà kan ra pákó wá láti ọjà Dei-Dei, ó bá mi fẹ̀ ẹ́ di 6 sí 8, ó sì ṣí ẹnu ọ̀nà kan sábẹ́ igi dóńgóyárò wa. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ń sá sí báyìí bí oòrùn bá mú. Mo fi ìkòkò omi àti àwo oúnjẹ kejì kún un, nítorí àwọn tó lágbára kì í jẹ́ kí àwọn aláìlágbára dé ìdí ẹyọ kan. Mo yọ gílóòbù funfun tó mọ́lẹ̀ jù, nítorí ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù náà ń mú wọn sọ ara wọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe

Oúnjẹ ni mo fi ọkàn sí jù lọ, nítorí èròjà amúaradàgbà ni ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Òròmọdìyẹ nílò bíi 20 nínú 100 èròjà yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, 15 tàbí 16 tó. Bí owó oúnjẹ ṣe ń gòkè, ọ̀pọ̀ wa níbí ń fi dusa, ìyẹn èérí ọkà, àti èérún ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kún un. Ẹ̀pà pọ̀ lókè ọya, ó sì dára, àmọ́ ó ní àléébù kan: methionine, ọ̀kan lára ohun tó para pọ̀ di èròjà amúaradàgbà, tí adìyẹ fi ń hu ìyẹ́, kéré nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbára lé ẹ̀pà nìkan, adìyẹ rẹ̀ á yó, àmọ́ á ṣì máa wá nǹkan kiri, ìyẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì máa rí. Mo dín dusa kù, mo fi sóyà tí mo yan àti ẹja gbígbẹ lílọ̀ kún un. Iyọ̀ náà ṣe pàtàkì, àìtó rẹ̀ ń mú wọn sọ ara wọn, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń pa wọ́n. Ẹ má fi ọwọ́ bù ú. Ẹ wọ̀n ọ́n: ìdámẹ́rin kílò kan fún 100 kílò oúnjẹ kò burú.

Agbedeméjì Igbe

Iṣẹ́ ló kù tí mo ní láti wá fún wọn. Mo tẹ́ èèpo ìrẹsì nípọn sílẹ̀, mo ń fọ́n ọkà bàbà díẹ̀ sínú rẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n máa tàn án. Mo so ewé zogale (moringa) àti tẹ̀tẹ̀ kọ́ ní ìwọ̀n orí wọn, kí wọ́n máa nà mọ́ ọn. Inú mi dùn láti rí i bí gbogbo wọn ṣe dojú kọ ewé, tí ẹnikẹ́ni kò wo ìdí ẹnikẹ́ni. Mo po eérú pọ̀ mọ́ iyanrìn sí igun kan tí wọ́n á máa yí ara wọn nínú rẹ̀, mo sì yẹ abẹ́ apá wọn wò lálẹ́ bóyá kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí.

Ìparí Igbe

Abo tó ń tu ìyẹ́ yẹn kò tètè jáwọ́. Mo yà á sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀, òru ni mo sì dá a padà sórí ọ̀pá tí wọ́n ń sùn lé, kí ilẹ̀ tó mọ́ bá gbogbo wọn pa pọ̀. Ó ti rọlẹ̀, ó ń tan ilẹ̀ bíi tiwọn.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ara ti tù wọ́n. Méjì nínú àwọn mẹ́ta tó pá ti hu ìyẹ́ tuntun, ti ẹ̀kẹta ṣì kù díẹ̀, mò ń fi GV kùn ún lọ. Àwọn àkùkọ ló kàn báyìí. Mo máa yọ wọ́n kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àwọn abo, kí ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn má tún já. Àkùkọ kan sí abo mẹ́wàá ni mo fẹ́ kù, mo sì ti bá alápatà ọjà Kubwa sọ̀rọ̀ nípa àwọn yòókù.