Má Dúpẹ́ Nínú Yàrá Mi

Láti Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá kan tí mo ń tọ́jú ti ń dùn mí. Mo ń nu ojú fèrèsé wọn níbí, ní Port Talbot, ìlú ilé-iṣẹ́ irin ní Wales, mo wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, eruku pupa yìí ti dínkù." Wọ́n gbójú sókè. "Má dúpẹ́ nínú yàrá mi. Eruku yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta."

Mo bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024 ni wọ́n pa ìléru ìyọ́rin tó kẹ́yìn níbí, nǹkan bí 2,000 iṣẹ́ sì bá a lọ. Ọmọ ọmọ wọn wà lára àwọn tó padà sílé. Àwọn aládùúgbò mi ṣì ń sọ bí eruku náà ṣe máa ń pọ́n aṣọ lórí okùn. Ká ní olórìṣà ni wọ́n, ibo ni wọn ì bá máa sá àlà sí?

Eruku tiwa ní Ògìjó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í ṣe pupa. Dúdú ni, ó sì ń ta ní imú. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo fi àtàǹpàkò ra ewé ewúro ẹ̀yìnkùlé Màámi. Ọwọ́ mi dúdú bí ẹni fọwọ́ kan ìdí ìkòkò, ewé abẹ́ rẹ̀ sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ihò wẹ́wẹ́ ni ewé fi ń mí. Bí èéfín bá dí wọn, tí oòrùn ò sì ráyè wọlé, ebi ni igi yẹn ń jẹ nínú ọ̀sán gangan.

Èéfín nìkan kọ́. Wọ́n ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú ládùúgbò wa láti fi rí òjé. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tó kéré tó tá a lè ní kò léwu. Ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀, ọmọ tó kú kò dín ní 400. Mi ò lè ka iye yẹn kí n sì sùn.

Mo pe Màámi lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mọ́."

"Omi iyọ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Omi iyọ̀ á fọ èyí tó wà lójú ewé. Èyí tí gbòǹgbò ti mu ńkọ́?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Níbo lẹ̀gbọ́n rẹ ti ń gbowó oṣù?"

Àfi bíi pé bàbá ọjọ́sí ló ń sọ̀rọ̀. Mi ò bá bàbá náà jà, ìbànújẹ́ wọn tọ́ sí wọn. Àmọ́ níbí, ẹ̀rọ wà tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń sọ iye rẹ̀ fáráàlú. Kò sẹ́ni tó tíì wá bu yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé Màámi wò rí. Èmi ò ní kí wọ́n lé ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́. Kí wọ́n wá yẹ ilẹ̀ yẹn wò ni mo ń wí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò, kí ẹni tó ń da èéfín sílẹ̀ sì fi owó ara rẹ̀ palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Mo ní kí Màámi ṣì máa gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò, pé màá fowó yẹ̀pẹ̀ oko ránṣẹ́. Wọn ò tíì fèsì tí mo fi gbọ́ tí wọ́n figbe ta sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, tó ń ṣeré nílẹ̀:

"Kí lo kó sẹ́nu? Tu ú dànù! Mo ní tu ú dànù!"