Iyọ̀ òkun, ìgbà kẹta: ó ti ń jọ iyọ̀

Ọwọ́ mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Omi iyọ̀ ti wọ ojú ọgbẹ́. Omi òkun lítà 10 tí mo bù ní Badagry ni mo tún gbé kaná. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, iyanrìn sì ti kúrò. Ìyẹn kò le.

Kíkorò rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Lẹ́ẹ̀mejì tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo sè é títí ó fi gbẹ táútáú. Iyọ̀ náà funfun, ṣùgbọ́n ó korò, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, ó ti rin. Mo pè é ní ìdọ̀tí. Mo tún un yọ́, mo tún un sẹ́, pàbó ni. Iyọ̀ magnẹ́síọ̀mù ni, iyọ̀ kíkorò kan tó wà nínú omi òkun; ó ń yọ́ sínú omi bí iyọ̀ tí à ń jẹ, aṣọ kò lè mú un. Òun náà ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Ìgbà tó ń jáde ló yàtọ̀. Bí omi bá kù bí ìdá kan nínú márùn-ún, ohun kan tó dà bí ẹfun á ti silẹ̀. Bó bá kù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, iyọ̀ gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Magnẹ́síọ̀mù ló ń kẹ́yìn. Bí mo ṣe ń sè é gbẹ, èmi ni mò ń lẹ kíkorò mọ́ iyọ̀ lára!

Lánàá, mo rọ omi tó tòrò kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bí ẹni ń rọ omikan lórí ògì, mo sì dín iná kù. Wóró onígun mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Mi ò lè kúrò nídìí wọn. Omi ṣì kù díẹ̀ nígbà tí mo da gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n kí ó ro. Èyí tó ro sílẹ̀ korò ju ewúro lọ.

Ó yẹ kí n ṣan iyọ̀ náà, ṣùgbọ́n omi 100 gíráàmù lè gbé iyọ̀ bíi 36 gíráàmù mì. Mo wá yọ́ iyọ̀ ọjà sínú omi títí kò fi gbà mọ́, ìyẹn ni mo fi ṣan án. Omi tó ti yó iyọ̀ kò lè jẹ iyọ̀ mìíràn, àmọ́ ó ń gba magnẹ́síọ̀mù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí nǹkan tó máa ṣe é; ìdí rẹ̀ ti lu. Irin tí kì í dípẹtà ni mo ń lò báyìí.

Gíráàmù 190 ni mo rí. Mo fẹ́ gbé lítà 20 kaná ní Sátidé, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àpò èédú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀gbẹlẹ̀ rèé: pẹrẹsẹ ni màá tẹ́ omi náà sóòrùn.