Àyẹ̀wò ọdún 2025: kọ́ọ̀sì mọ́kànlá tí mi ò parí, géèmù ayò kan tí mo parí

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọyẹ́ ti mú ní Kàbà níbí débi pé ètè mi ti là, mo sì jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù lónìí láìsí oníbàárà, torí gbogbo ẹni tó fẹ́ tẹ pósítà òkú tàbí ìwé ìpè ìgbéyàwó ti wá tẹ̀ ẹ́ ṣáájú Kérésì. Mo ní kí n kúkú lo àyè yẹn láti yẹ ọdún mi wò, kí n má sì parọ́ fún ara mi.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé ní January ṣì wà níwájú mi báyìí: "Lọ́dún yìí mo máa kọ́ yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà àti bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù." Ó parí síbẹ̀. Mi ò kọ géèmù wo, mi ò kọ àwòrán kí ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà, gbogbo ìsọ̀ ló máa yà.

Láti January sí May, kọ́ọ̀sì mọ́kànlá ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe Drawabox, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń fa ìlà àti bí a ṣe ń ya àpótí, mo ya àpótí títí ọwọ́ fi ń ro mí. Mo wọ CS50 ti Harvard, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù. Mo wo fídíò Blender, ètò tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, ti donut tí gbogbo ayé fi ń bẹ̀rẹ̀ yẹn. Mo ṣe Scratch díẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń to búlọ́ọ̀kù pọ̀ di kódù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí, wọ́n sì dáa gan-an, mi ò ní torí pé mi ò parí wọn kí n wá máa bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ọ̀kan péré ni mo sanwó fún, ₦45,000, ẹnì kan tó ní òun máa sọ wá di ẹni tó ń ṣe géèmù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ìgbà tí owó wọlé tán ni mo rí i pé fídíò àwọn ẹlòmíì tó wà ní YouTube lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń kó ránṣẹ́ sí wa nínú gúrúùpù. Ó dùn mí o. Owó dátà tún wá lọ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìdá 50 nínú 100 ni wọ́n fọwọ́ sí pé kí wọ́n fi kún un, mo wá ń jí ní aago méjì òru kí n lè fi dátà òru dáńlóòdù fídíò, tó bá di aago mẹ́jọ mo ti ń sùn lójú oníbàárà.

June ni nǹkan yí padà. Mo lọ sí Ìyàrà lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Baba ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Abẹ́ máńgòrò ni mo bá wọn, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn ń ta ayò. Wọ́n wo láptọ́ọ̀pù tí mo gbé kọ́ èjìká, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lo ń fi ẹ̀rọ yìí ṣe gan-an?" Mo ní mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù ni. Wọ́n ní, "Èwo nínú géèmù?" Mo ní mi ò tíì mọ̀, Baba. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n kó ọmọ ayò mẹ́ta, wọ́n tún ń ta lọ. Wọn ò tiẹ̀ wojú mi mọ́. Èmi ni mo dúró síbẹ̀ tí mò ń wo ọpọ́n. Àwọn náà ló kọ́ mi ní ayò nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi. Ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ká tó dé Kàbà lọ́jọ́ náà mo ti kọ gbogbo òfin ẹ̀ sínú fóònù mi nínú mọ́tò.

Godot ni mo fi ṣe géèmù ayò náà, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo, kò tó 200MB láti dáńlóòdù. Ará Ajẹntínà méjì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Juan Linietsky àti Ariel Manzur, wọ́n sì tú kódù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2014. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí a rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní September 2023 nígbà tí Unity, ilé-iṣẹ́ tó ni ètò míì tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, kéde pé òun máa máa gba owó lórí iye ìgbà tí àwọn èèyàn bá fi géèmù sórí ẹ̀rọ wọn, ọkàn àwọn tó ti fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ fò lọ, ó tó ọdún kan kí wọ́n tó fagi lé e. Láptọ́ọ̀pù mi, àlòkù ni, 4GB RAM, tí ẹ bá ní irú ẹ̀, ẹ yan Compatibility nígbà tí ẹ bá ń ṣí iṣẹ́ tuntun nínú Godot, ẹ̀rọ tó ti dàgbà ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró nìyí. Kọ̀ǹpútà kì í ka ilé láti 1, láti 0 ni, ilé tó kẹ́yìn wá jẹ́ 11. Mo ní kó máa ju ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan sí ilé tó kàn. Tó bá ti kọjá ilé 11 yóò máa wá ilé 12, kò sì sí ilé 12, géèmù á dúró gbọn-in, ìlà pupa á yọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo ìlà pupa yẹn. Ọjọ́ kẹrin ni mo rántí àmì kan tí mo ti rí nínú ọ̀kan nínú àwọn kọ́ọ̀sì tí mo já jù sílẹ̀, àmì % yẹn, tó máa ń fúnni ní ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn pípín. Mo kọ (ilé + 1) % 12. Tó bá dé 11, ó di 12, 12 pín sí ọ̀nà 12 kò ṣẹ́ kù nǹkan kan, ó padà sí 0, ọmọ ayò sì yí lọ sí ilé àkọ́kọ́ bí ọwọ́ Baba ṣe máa ń yí nínú ọpọ́n. Mo pariwo, ẹni tó ń ṣe fọ́tòkópì ní ṣé kò sí o. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá yanjú ti odù, ilé tó ti kún tó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé tí o bá ta á yí ọpọ́n po, o gbọ́dọ̀ fo ibi tí o ti kó o. Jíjẹ ló gba àkókò jù, torí kì í ṣe ilé tí ọmọ tó kẹ́yìn bọ́ sí nìkan lo máa wò bóyá ó di méjì tàbí mẹ́ta, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn náà wà ńbẹ̀.

Ti àwòrán, Krita ni mo lò, ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán, ọ̀fẹ́ náà ni. Mo ń ṣe pixel art, àwòrán tí wọ́n fi àpótí kéékèèké tò, 16 ní 16, igi ọpọ́n ni mo fẹ́ yà. Ìyá mi wá jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ Búnú ni wọ́n, nídìí òfì ìyá tiwọn ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Ṣé aṣọ lo ń hun ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n ti tọwọ́ sí i. Wọ́n ní apá ọ̀tún rẹ̀ ò bá apá òsì mu, tí wọ́n bá tò ó pọ̀ ojú á gé. Òótọ́ ni. Mo ti ń bá a jà láti àárọ̀ pé kí ló dé tí ìlà kan ń hàn láàárín igi náà. Wọ́n ní kí n ka òwú rẹ̀, kí n rí i pé èyí tó parí ló bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan là ń ka àpótí, mo ń tẹ̀, wọ́n ń kà. Mo tún wá fẹ́ fi pupa aṣọ ìpò ṣe etí ọpọ́n, torí ó wù mí, pupa tí àwọn àgbà Búnú máa ń tú òwú ẹ̀ láti ara aṣọ òyìnbó láyé àtijọ́ kí wọ́n tó fi hun tiwọn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní aṣọ ìsìnkú àgbà ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, mo fi búlúù àti funfun sí i. Mi ò rí kọ́ọ̀sì tó lè sọ ìyẹn fún mi.

Ní September mo gbé fóònù lọ bá Baba. Mo ti kà níbì kan pé tí èèyàn bá ń dán géèmù rẹ wò, jókòó sẹ́yìn ẹ̀, má sọ̀rọ̀. Mo pa ẹnu mọ́. Baba fi àtàǹpàkò tẹ ilé kan, gbogbo ọmọ ayò sì ti dé ilé wọn lẹ́ẹ̀kan náà, pàá. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ta ló ta á? Mi ò rí ọwọ́." Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. "Mi ò rí ọwọ́ o." Wọ́n dá fóònù padà fún mi.

Mo rò ó dé Kàbà. Ojú ni wọ́n fi ń ta ayò, ojú máa ń tẹ̀ lé ọwọ́ láti ilé dé ilé, ibẹ̀ ni ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ti ń ka ohun tó ń bọ̀, òpè ni kì í wò ó. Mo fi create_timer sí i, àṣẹ tó ń mú kí géèmù dúró díẹ̀, ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan láàárín ọmọ kan àti èkejì, mo sì gba ohùn ọmọ ayò tó ń bọ́ sínú igi sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kò, kò, kò, ohùn ọpọ́n Baba fúnra wọn ni. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo gbé e padà lọ, wọ́n ta á fún wákàtí kan ààbọ̀, bátìrì ló dá wọn dúró.

October ni mo gbé e sórí itch.io, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń gbé géèmù wọn sí, bíráúsà ni wọ́n ti ń ta á, kò sí pé ẹ ń dáńlóòdù nǹkan kan. Èèyàn 63 ló ti ṣí i. Ó kéré lójú ẹlòmíì, àmọ́ mo máa ń wo nọ́ńbà yẹn láràárọ̀, inú mi sì máa ń dùn sí i.

Ohun tí mi ò rí ṣe pọ̀. Mi ò lè ya èèyàn tó ń rìn kó dà bí ẹni tó ń rìn. Mi ò padà sídìí Blender. Mi ò wọ game jam kankan, ìyẹn ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe géèmù láàárín ọjọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ Global Game Jam wà ní gbogbo ìparí January láti 2009, ọdún tó ń bọ̀ mo máa gbìyànjú. Hard disk mi kú ní August, àwòrán oṣù mẹ́ta bá a lọ, ìsinsìnyí ibi méjì ni mò ń tọ́jú fáìlì sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, láti ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ sókè, ní Sátidé. Mo ti to kọ́ọ̀sì náà nígbà mẹ́ta, mo ń tún un tò. Ó ti dá mi lójú pé àṣìṣe mi ni pé mo ń kọ́ irinṣẹ́ kí n tó ní ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe. Nítorí náà ọmọ kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ mú eré kan tó ti mọ̀ dénú wá, ayò, ẹkùn mẹ́ran, bojúbojú, ohunkóhun, á sì kọ òfin rẹ̀ sórí ìwé débi pé ẹni tí kò rí i rí lè kà á kó sì ṣe é. A máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọmọ míì, ibi tí ìyẹn bá ti dàrú lá a máa tún kọ. Ó lè gba Sátidé méjì, kò sí kọ̀ǹpútà ńbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn kéékèèké á wọ Scratch, àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ díẹ̀ á wọ Godot. Ti yíya àwòrán, mo máa mú òfin Drawabox kan wá, pé ìdajì àkókò tí o bá fi ń yàwòrán, ohun tó wù ọ́ nìkan ni kí o máa yà, torí òun ni mi ò tẹ̀ lé tí ọwọ́ fi sú mi ní March. Ìyá mi ti gbà láti wá fi ọjọ́ kan kọ́ wọn bí a ṣe ń ka òwú, a máa fi ṣe pixel art. Àwọn ọmọ tí kò ní láptọ́ọ̀pù, Godot wà fún Android náà, ojú rẹ̀ kéré lórí fóònù ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan máa bi mí pé eré la fẹ́ máa kọ́ ọmọ àwọn. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ilé-iṣẹ́ Maliyo ti ń fi géèmù jẹun ní Èkó láti 2012, Kiro'o Games ní Yaoundé, Kamẹrúùnù tí kò jìnnà sí wa, gbé géèmù ńlá wọn jáde ní 2016. Iṣẹ́ ni. Àmọ́ kódà bí ọmọ yín ò bá jẹ níbẹ̀, ẹ bi í ní oṣù mẹ́ta sí i bí wọ́n ṣe ń wá ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn pípín nọ́ńbà, ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ.

Ọmọ mẹ́rin ló ti forúkọ sílẹ̀, mo ní àga méje. Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá wọlé, aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ìwé àti bírò ni kí wọ́n mú wá. Baba ti ní kí n wá gbé ọpọ́n ayò àwọn fún ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kí n dá a padà kó tó di ìrọ̀lẹ́.