Ìwé Ìṣirò Tí Mo Ṣí Láti Ẹ̀yìn

Ọ̀sán Ẹtì ni wọ́n fi iṣẹ́ ọnà sí fún JSS3 nílé ẹ̀kọ́ wa ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń lọ kírun Jímọ̀ ti gbàyè, àwọn tó kù ń wojú aago. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ló ni òwúrọ̀, nígbà tí ojú ṣì dá. Àwa àgbà la ṣètò ẹ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ń retí kí ọmọdé ka iṣẹ́ náà sí.

Mo ní kí wọ́n mú ìwé ìyàwòrán jáde. "Mà, mi ò mú tèmi wá." "Mà, dádì mi ní ó dìgbà tí wọ́n bá gbowó oṣù." Mi ò bá wọn jà. Bébà tó nípọn ti wọ́n, ọ̀dà tiẹ̀ tún wá burú jù.

Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ń fi ìwé ìṣirò rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Mo gbà á, mo ṣí i láti ẹ̀yìn. Bàtà bọ́ọ̀lù ló kún ibẹ̀. Ó ya okùn bàtà ní kókó kọ̀ọ̀kan, ó sì fi pẹ́ńsù ṣú ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ.

"Ṣé wàá mú iṣẹ́ ọnà tẹ́ ẹ bá dé SS1?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà, sáyẹ́ǹsì ni mo fẹ́ ṣe. Àwọn tí kò mọ̀wé ló ń ṣe ìyẹn." Kò fi bú mi o, ohun tó gbọ́ nílé ló ń sọ.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ni Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ń ṣe l'Èkó nígbà tó ń dá kọ́ ara rẹ̀ ní yíyàwòrán èèyàn. Ó lọ kọ́ ọ sí i ní London ní 1920. Nígbà tó dé ní 1922, kì í dúró sí iléèwé kan ṣoṣo, bó ṣe ń kúrò ní ọ̀kan ló ń bọ́ sí òmíràn láti kọ́ àwọn ọmọ. Ó rọ ìjọba títí Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi dé láti wá bá a kọ́ wọn ní 1927. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó kan ni kò gbà pé ọmọ adúláwọ̀ lè ṣe é. Lónìí, bàbá àti ìyá ọmọ ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo bi wọ́n ta ló mọ oníṣẹ́ ọnà kan. Ẹnikẹ́ni ò nawọ́. Wọ́n ti da nótì kọ nípa iṣẹ́ ọnà àtijọ́ Nok, Ifẹ̀ àti Igbo-Ukwu, wọ́n lè kà á lórí. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú mi gan-an, aró ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Aláàdìrẹ ni ìyá rẹ̀ n'Ítòkú! Mo ní, "Màmá rẹ ńkọ́?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mà, wọ́n kàn ń ta aṣọ ni."

Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó bá mi bi màmá rẹ̀ bóyá wọ́n lè yọjú sí wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n fi láfún àti ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ níṣojú àwọn ọmọ. Igbákejì ọ̀gá ní ta ló máa fọ tábìlì tó bá tán. Mo ní èmi ni.