Ìwé Ọlọ́sàn: Bí Iṣẹ́ Ìwé Àwòrán Ìṣirò Mi Ṣe Ń Lọ

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Àwọn ọmọ kíláàsì kejì tí mo ń kọ́ a máa ka òǹkà Yorùbá láti ení dé ogún bí ẹni ń kọrin, ṣùgbọ́n bí mo bá dá wọn dúró ní ẹ̀ẹ́dógún, tí mo sì bi wọ́n pé kí ni ogún ń wá nínú orúkọ iye tí kò tíì tó ogún, gbogbo wọn a dákẹ́. Àwọn ìwé àwòrán tó wà ní kíláàsì wa kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi márùn-ún kún mẹ́wàá ni, kì í yọ ọ́ kúrò nínú ogún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà n kò ka ohun tí mo fẹ́ ṣe sí àṣejù. Ìwé ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ àgbà ta ọsàn ni mo fẹ́ fọwọ́ ṣe. Ogún ọsàn ni yóò wà lórí àtẹ. Bí oníbàárà bá ti ń rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó máa ṣí ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Mo gé páálí bisikíìtì sí ojú ewé mẹ́rìndínlógún, mo sì fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú rán wọn pọ̀. Ìdérí ìgò ni mo fi ya àwọn ọsàn náà kí wọ́n lè dọ́gba. Mo kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa pọ́n, nítorí irú ọsàn tí àwọn ọmọ ń rí lójú pópó nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ tú wọn ká sórí àtẹ, ó sì dùn-ún wò, àmọ́ ọmọ aládùúgbò mi tí mo ní kó kà wọ́n ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ó fo òmíràn, ó sì sọ pé méjìlélógún ni. Mo tún un yà ní ọ̀wọ́ mẹ́rin, márùn-ún nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Míṣọ́nnárì kan, Adolphus Mann, kọ ọ́ ní 1887 pé márùn-ún márùn-ún ni àwọn tó ń ka owó ẹyọ ń fà á, tí mẹ́rin irú rẹ̀ yóò sì di ogún. Ọmọ náà tún kà á, kò sì ṣì í mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Mo gbé ìwé náà dé kíláàsì. Pélébé páálí ni mo lẹ̀ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, èyí tí a ó máa yí bo àwọn ọsàn tí a ti tà. Mo yí i bo ẹyọ kan, mo sì béèrè iye tó kù. Ogún ni wọ́n pè é. Nígbà tí mo ní kí wọ́n tún un wò, ọmọkùnrin kan ní iwájú dáhùn pé: “Àǹtí, ó ṣì wà lábẹ́ ibẹ̀. Ẹ ò tíì gbé e lọ.”

Òótọ́ ni ó sọ. Ohun tí a bò mọ́lẹ̀ kò dín.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà

Mo tú gbogbo pélébé náà kúrò. Mo fi abẹ la ojú páálí, mo sì ki ọsàn tí mo gé lọ́tọ̀ bọ inú rẹ̀, débi pé bí a bá yọ ọ́, òbìrípo funfun ni yóò kù ní ipò rẹ̀. Ọmọ kan ni olùtajà, òmíràn sì ni oníbàárà tó ń gba ọsàn lọ sí ìjókòó rẹ̀. Ọ̀kàndínlógún kò ṣòro fún wọn, nítorí ọ̀kan, dín àti ogún hàn nínú rẹ̀ ketekete. Ẹ̀ẹ́dógún ni ẹrù mi, torí ìpajẹ, ìyẹn pípa ìró kan jẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá so pọ̀, ti gbé àrún inú rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ jáde wá, ó ń fi ìka kan àwọn òbìrípo funfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wí jẹ́ẹ́jẹ́ pé: “Márùn-ún ló dín.” Inú mi dùn débi pé n kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà kó ọsàn tó kù sórí àtẹ kékeré tó gba mẹ́wàá, mẹ́rin sì jókòó sókè, nítorí láti ẹ̀rìnlá wálẹ̀ sí ọ̀kànlá, fífi kún ẹ̀wá ni òǹkà wa ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ

Apá kejì ni mo wà báyìí: àtẹ méjì fún ogójì, mẹ́ta fún ọgọ́ta, àti àádọ́ta, tí a ń rí bí a bá yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta. Ọgọ́ta ọsàn kò gba ojú ewé kan, mo sì ṣe é ní ìlọ́po mẹ́ta tí a ń tẹ́ sílẹ̀. Ojú ìṣẹ́po rẹ̀ ti ń ya. Mo ti gé aṣọ àǹkárá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí n ó fi lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn lálẹ́ òní, kí ó lè gbẹ kí ó tó di ọjọ́ Ajé.