Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ títì, ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní LAUTECH, mo mọ̀ pé katakata àti kọnkéré ló wà lọ́kàn yín. Iṣẹ́ tèmi ni ká wọ oko, ká ka igi àti ilé tí títì máa gbà kọjá, ká diye lé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé kọnkéré kọ́ ló ń dá títì ńlá dúró jù, ìwé ni, ìyẹn ìwé kọ́ńtíráàtì àti ìwé ilẹ̀.

Ẹ wo títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. 2010 ni wọ́n ti gbé kọ́ńtíráàtì ẹ̀ síta, ẹ sì mọ iye èèyàn tí ojú ọ̀nà àtijọ́ ti pa. Tẹ́ ẹ bá dé gáréèjì, gómìnà ni wọ́n ń bú, bẹ́ẹ̀ títì ìjọba àpapọ̀ ni. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀, Àbújá, ẹni tó máa fọwọ́ sí i, Àbújá. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni títì kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bú.

Kọ́ńtíráàtì náà lè di wàhálà fúnra ẹ̀. Èkó sí Ìbàdàn, 2009 ni wọ́n gbé e fún ilé-iṣẹ́ Bi-Courtney pé kó fi owó ara ẹ̀ ṣe é kó sì máa gba owó ibodè fún ọdún 25, nígbà tó di 2012 ìjọba fagi lé e, 2013 wọ́n gbé e fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe títì, Julius Berger àti RCC, ni ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, báńkì wo ló máa yá èèyàn lówó lórí títì tó wà ní kóòtù? Ti ìjọba ológun yàtọ̀ (kì í ṣe pé ó dáa o), ní 1985 wọ́n kàn fagi lé reluwé métírò tí Jákáńdè, gómìnà Èkó tẹ́lẹ̀, fẹ́ ṣe l'Ékòó ni, títí di 2023 kí reluwé Blue Line tó gbé èrò níbẹ̀. Kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan, lọ́dún 2020 kóòtù kan ní London dá ètò láti mú pápákọ̀ òfurufú Heathrow gbòòrò sí i dúró ní February, kóòtù tó ga jù tún yí i padà ní December.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni ilẹ̀. Títì lè jẹ́ ti Àbújá o, ilẹ̀ tó máa gbà kọjá, ọwọ́ gómìnà ló wà, Òfin Ilẹ̀ 1978 ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí Àbújá bá fẹ́ ilẹ̀, wọ́n á kọ̀wé, gómìnà á gbà á lọ́wọ́ onílẹ̀. Òfin ní dandan ni, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ò bá dọ́gba, fáìlì yẹn lè sùn dáadáa.

Wàyí o, bàbá kan ní oko kajú níbi tí títì máa gbà kọjá, àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí kajú ń mú wọlé lọ́dọọdún. Òfin ní ká sanwó ilé àti ohun ọ̀gbìn, ìjọba ló sì máa dá iye igi kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Iye owó tó san fún ìjọba lórí ẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbà á péré ni wọ́n máa san fún un, tó bá san rárá. Òfin yẹn kan náà ní kóòtù ò gbọdọ̀ yẹ iye owó náà wò, òfin ìpìlẹ̀ 1999 sì ní kí wọ́n tètè sanwó, kí ẹni tí wọ́n gba nǹkan ẹ̀ lè lọ kóòtù. Àárín méjèèjì yìí ni lọ́yà ti ń jẹun. Lọ́yà tó bá gbọ́n ò ní bá yín jiyàn owó, nọ́tíìsì ló máa bèèrè, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi sọ fún èèyàn pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ ẹ̀: ta lẹ fún, ọjọ́ wo, kí lẹ sọ pé ẹ fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Tí nọ́tíìsì bá mẹ́hẹ, gbogbo ẹ̀ lè wó.

Torí náà tẹ́ ẹ bá wọ oko, ẹ má kọ orúkọ ẹni tó mú yín wọbẹ̀ nìkan. Ẹ bèèrè olórí ẹbí, ẹ bèèrè ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, torí pé igi lè jẹ́ tiẹ̀ kí ilẹ̀ má jẹ́ tiẹ̀. Ẹ ya fọ́tò igi àti ilé pẹ̀lú ẹni tó ni ín, kó tẹ̀ka lójú baálẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní ẹ̀dà kan mú lọ sílé.