Joe àti ọmọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ń bá jà

Sátidé

Bonanza, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà àtijọ́ nì, ni mo jókòó tì láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú lónìí. Ìpín kan tí wọ́n pè ní The Truckee Strip ni mo tilẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá mọ Bonanza nínú yín, kó bi àwọn àgbà ilé rẹ̀. Ben Cartwright ni bàbá, ọkùnrin tí ìyàwó mẹ́ta ti kú fún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni Adam, Hoss, àti Joe àbíkẹ́yìn tí gbogbo ayé ń pè ní Little Joe. Wọ́n ní ilẹ̀ tó lọ salalu, Ponderosa, lẹ́bàá adágún Tahoe ní Nevada. Ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ẹ ò ní í gbọ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọbàkan bú ara wọn. Mo mọ ilé tó jẹ́ pé wọn ò tíì gbẹ́ sàréè bàbá tán tí ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjà inú ìpín yìí kò lè ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín ilẹ̀ Ben àti ti aládùúgbò rẹ̀, Luther Bishop. Ben ní tòun ni, Bishop ní tòun ni, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a bọ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ yẹ̀ fún ẹnì kejì. Nínú gbogbo ọmọbìnrin tó wà ní Nevada, Amy ọmọ Bishop ni ọkàn Joe lọ bà lé. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn bàbá méjèèjì kò lè jókòó yanjú ṣe bọ́ sọ́rùn àwọn ọmọ.

Ẹ má sì sọ pé ilẹ̀ kékeré lásán ni. Lọ́dún 1859 ni òkìkí fàdákà kàn níbi tó di Virginia City, ní Nevada. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, bí wọ́n ṣe ń wà á ló ń ya lu àwọn awakùsà, títí ará Jámánì kan, Philip Deidesheimer, fi gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ lọ́dún 1860: kí wọ́n máa kan ìtì igi pọ̀ ní onígun mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n tò ó lé ara wọn bí afárá oyin, kó lè gbé ilẹ̀ dúró lókè orí wọn. Láti ìgbà náà, inú kòtò ni igi àwọn òkè ẹ̀bá Tahoe ń lọ. Ẹni tó bá ní igbó tó ní igi gedú lágbègbè yẹn, owó ló ní. Nítorí náà, nígbà tí Ben bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti òtítọ́ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó wúwo yẹn, èmi ń wo igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Bonanza ṣe eré nípa Deidesheimer yìí náà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà ni 31 oṣù Ọ̀wàrà, 1959, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọjọ́ yẹn náà ni Michael Landon, ẹni tó ń ṣe Joe, pé ọmọ ọdún 23. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni The Truckee Strip jáde. Kò ní ìtumọ̀ kankan, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn nígbà tí mo rí i.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù nírọ̀lẹ́. Ilé aládùúgbò ni wọ́n ti ń wo Bonanza ní Ìbàdàn ní kékeré, tẹlifíṣọ̀n dúdú àti funfun, débi pé jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí Joe máa ń wọ̀, aláwọ̀ eérú ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

“Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ rántí Joe inú Bonanza?”

“Joe ọlọ́mọge! Ọmọbìnrin tó bá ti rẹ́rìn-ín sí i, kí wọ́n yáa máa kan pósí sílẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo wá bi wọ́n pé, bó bá jẹ́ èmi ni mo mú ọmọ ẹni tí ẹ bá ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ wálé ńkọ́, sà? Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Màá ní kí ẹ dúró kí adájọ́ dá ẹjọ́ wa ná.”

Ṣé ẹ rí i, ìdáhùn gidi nìyẹn. Ó burú, ṣùgbọ́n ìdáhùn ni. Ohun tó ń bí mi nínú nípa Bonanza ni pé wọn kì í jẹ́ kí Ben dáhùn délẹ̀. Amy kò dé ilé Cartwright gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Kó tó dìgbà náà, ní 26 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1959, Hoss ti fẹ́ràn Emily, ikọ́ ife sì ń pa ìyẹn lọ. Ní 17 oṣù Ọ̀wàrà, Joe ló tún kàn, ó lọ kó sínú ìfẹ́ Julia Bulette, obìnrin tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí tó sì ni ilé ọtí. Ben fárí gá. Ìjà bàbá àti ọmọ níbẹ̀ gbóná, ó sì dáa, nítorí pé kò sí ilẹ̀ tàbí igi nínú rẹ̀: orúkọ ilé ni bàbá ń ṣọ́, ọmọ sì ń sọ pé òun ti dàgbà. Mo ń retí ibi tó máa já sí, ni wọ́n bá pa obìnrin náà. Ó parí. Bàbá àti ọmọ di ọ̀rẹ́ padà lórí òkú.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé Julia Bulette kì í ṣe ènìyàn inú ìtàn lásán. Obìnrin kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ gbé ní Virginia City lóòótọ́, aṣẹ́wó ni, wọ́n sì pa á sínú ilé rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1867. Wọ́n wá mú ikú obìnrin yẹn, wọ́n fi kọ́ ọmọ olówó kan lọ́gbọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò dáa tó, lójú tèmi.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ọkùnrin mẹ́rin tí kò láya ni wọ́n fi ń ta eré náà. Bí Joe bá gbéyàwó lọ́sẹ̀ yìí, ìyàwó gbọ́dọ̀ wà níbi oúnjẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. RCA tó ń ta tẹlifíṣọ̀n, tó sì ni NBC tó ń gbé eré náà sáfẹ́fẹ́ nígbà náà, fẹ́ fi adágún àti òkè ta tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère, kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àna tà á. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n nílé wa, ọmọ tó bá fẹ́ gbéyàwó, ọjọ́ ìdána rẹ̀ yóò pé. Bàbá yóò wá tàbí kò ní í wá, gbogbo ẹbí yóò sì rí àga rẹ̀.

David Dortort tó dá Bonanza sílẹ̀ ló tún ṣe eré The High Chaparral lọ́dún 1967, tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Arizona. Níbẹ̀, àwọn Apache, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, pa ìyàwó John Cannon, kò sì pẹ́ tó fi fẹ́ Victoria, ọmọ Don Sebastián Montoya, olówó màlúù ará Mẹ́síkò, kí ilé méjèèjì lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ààbò ló bí ìgbéyàwó yẹn, ìfẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Blue ọmọ John, tí ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, kò gbà. Victoria kò sì kú láti yọ wọ́n nínú ìyọnu: inú ilé ló wà, ó ń jókòó síbi oúnjẹ, wọ́n ní láti kọ́ bí wọn yóò ṣe máa bá a gbé. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ẹkún Joe lọ.

Ó tó ọdún 13 gbáko kí wọ́n tó jẹ́ kí Joe gbéyàwó. Hoss ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ìtàn náà fún, ṣùgbọ́n Dan Blocker tó ń ṣe Hoss kú ní oṣù karùn-ún 1972. Landon tó kọ ọ́ tó sì darí rẹ̀ gbé e fún Joe, wọ́n sì fi hàn ní 12 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1972. Alice ni orúkọ ìyàwó. Nínú ẹbí rẹ̀, arákùnrin kan tó ń ta tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi hàn wá, kò sí bàbá kan tí yóò bá Ben du nǹkan kan. Wọ́n pa Alice náà.

Bàbá mi ní kí n bá àwọn wá ìpín àkọ́kọ́ The High Chaparral, kí n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn, kí n má sì sọ ìparí rẹ̀ fún àwọn. Mo ti rí i. Dátà ló kù.